Wíwá Kùsà àti Wíwà Ẹranko Igbó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin." Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí. Mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo sì ti fi gba máàkì. Ṣùgbọ́n n kò rí erin rí, àfi nínú àwòrán, mo sì rò pé bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka ìwé yìí. N kì bá má ro ọ̀rọ̀ náà jìnnà bí kò bá ṣe ti iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kan tí mo ṣe nígbà ìsinmi ọdún 2023. Mo ṣe àṣìṣe nínú iṣẹ́ náà, àgbàlagbà kan sì tọ́ mi sọ́nà lójú gbogbo ènìyàn. Ìtàn àṣìṣe náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó kan gbogbo àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì.

Ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní agbègbè Òkìtìpupa àti Ìrèlè, ilẹ̀ kan wà tí ọ̀dà dúdú wà nínú rẹ̀. Òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní bitumen, òun náà ni wọ́n ń lò láti fi ṣe títì. Ní ibòmíràn, ọ̀dà yìí máa ń sun jáde fúnra rẹ̀ bí omi ìsun, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn bá mú. Ilẹ̀ náà gùn tó 120 kìlómítà, láti ìpínlẹ̀ Ògùn dé ìpínlẹ̀ Ẹdó. Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni wọ́n ti ń wá a. Láti ọdún 1907 ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ wò níbẹ̀, tí ogun àgbáyé kìíní sì dá iṣẹ́ wọn dúró ní ọdún 1914. Ọ̀kan nínú àwọn kànga tí wọ́n gbẹ́ wà ní Agbabu títí di òní. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tún lọ gbẹ́ ọ̀pọ̀ kànga àyẹ̀wò láti mọ bí ọ̀dà náà ti pọ̀ tó. Ohun tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń wá ni mo ń sọ yìí.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dà náà kò dá dúró lásán. Igbó wà lórí rẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Igbó ìjọba Olúwa wà níbẹ̀. Igbó Ṣáṣá àti igbó Ọmọ kò sì jìnnà sí i. Díẹ̀ nínú ìnàkí tó ṣẹ́kù ní ilẹ̀ Yorùbá wà nínú igbó wọ̀nyí. Nínú igbó Ọmọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni erin díẹ̀ ṣì wà. Ní ọdún 2009, Elizabeth Greengrass kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ tó ń jẹ́ Primate Conservation pé ìnàkí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Irú ìnàkí tiwa yìí kò sí níbòmíràn lágbàáyé ju Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lọ. Iye gbogbo wọn ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti fojú bù ú, wà láàárín 3,500 sí 9,000. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ṣoṣo pọ̀ ju èyí lọ.

Báyìí ni mo ṣe dé ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbẹ́ kànga àyẹ̀wò nítòsí abúlé kan lẹ́bàá igbó Olúwa. Wọ́n rán àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta wá kí wọ́n mọ irú ẹranko tó wà níbẹ̀ àti ohun tí iṣẹ́ náà lè ṣe sí wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, wọ́n sì ń wá ògbufọ̀. Abúlé náà ni abúlé ìyá ìyá mi. Ẹnì kan dá orúkọ mi, ó ní ọmọ àwọn kan wà ní yunifásítì tó ń kọ́ Yorùbá, pé ta ló tún kù tí a ó wá lọ? Inú mi dùn. Owó wà níbẹ̀, iyì sì wà níbẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, n kò ju ọjọ́ méjì lọ ní abúlé náà rí, ṣùgbọ́n mo gbà pé Yorùbá ni Yorùbá ń jẹ́.

Iṣẹ́ wa kò le. Ní òwúrọ̀ àwọn olùyẹ̀wò á wọ inú igbó, wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ ẹranko àti ìgbẹ́ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ a ó jókòó ti àwọn ọdẹ, a ó máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀. Ọdẹ tó dàgbà jù nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá mi, tí mo ń pè ní Bàbá Àgbà. Wọ́n bá wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú ní alẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n dárúkọ ẹranko, wọ́n ṣàpèjúwe ìrìn rẹ̀, wọ́n sín ohùn rẹ̀ jẹ. Ìkálẹ̀ ni wọ́n ń sọ, etí Ìbàdàn ni mo fi ń gbọ́ ọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣú mi lójú, mo máa ń fò ó. Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀bọ, tí wọ́n ń ṣàlàyé ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá mi, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ọ̀bọ gbogbo. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n pe ìpàdé síwájú ilé Baálẹ̀. Wọ́n kó àga síta, wọ́n ta bòrùgẹ̀ẹ́ sókè nítorí oòrùn. Olórí àwọn olùyẹ̀wò ka ohun tí wọ́n rí, èmi náà sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ará ìlú. Etu wà, ó pọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà, ó pọ̀. Òkété wà, ó pọ̀. Ọ̀bọ wà, ó pọ̀. Ẹranko tó wà nínú ewu ìparun: a kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Bí mo ti sọ èyí tán ni Bàbá Àgbà dìde. Wọn kò wo ọ̀gá mi. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ọmọ mi, ọ̀bọ wo?"

Mo ní, "Bàbá, ọ̀bọ tí ẹ sọ fún wa ni."

Wọ́n ní, "Ọ̀bọ mẹ́ta ni mo sọ fún ọ, mo sì fi ìnàkí ṣe ìkẹrin tí kì í ṣe ọ̀bọ. O kọ ẹyọ kan. Mẹ́ta yòókù ńkọ́? Ṣé o ti pa wọ́n jẹ ni?"

Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi yíjú sí mi, ó ní kí ni Bàbá wí. Èmi ni ògbufọ̀; èmi náà ni mo ní láti fi ẹnu ara mi túmọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí. Òógùn bò mí, ṣùgbọ́n mo túmọ̀ rẹ̀. Kò sí ìdánwò tó le tó bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì.

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó gbé ìwé aláwòrán kan jáde, ó sì tẹ́ ẹ síwájú Bàbá Àgbà. Bàbá fi ìka tọ́ àkọ́kọ́: èyí tó wà níbi gbogbo, tí í máa ń jí àgbàdo kó lóko. Wọ́n tọ́ èkejì: olórí pupa tí í máa ń rìn nílẹ̀ nínú igbó àbàtà. Wọ́n tọ́ ẹ̀kẹta: èyí tí irun ọ̀fun rẹ̀ funfun, tó fẹ́ràn láti máa fara pamọ́ sínú ìtàkùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tọ́ ìnàkí, wọ́n sì ní ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn ti gbọ́ igbe rẹ̀ kẹ́yìn, àti pé àwọn lè júwe ibi tí àwọn ti gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀bọ olórí pupa wà nínú ewu ìparun. Ọ̀bọ ọlọ́fun funfun náà wà nínú ewu ìparun. Kò sì sí níbì kankan lágbàáyé ju Nàìjíríà, Benin àti Togo lọ. Ìnàkí ńkọ́? Mo ti sọ tirẹ̀ ṣáájú. Ẹranko mẹ́ta tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ná owó wá sí abúlé wa ni mo ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nù kúrò nínú ìwé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. N kò mọ̀ pé èmi náà jẹ́ àlejò.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbà mú mi lọ sí ẹ̀bá igbó. Wọ́n fi ojú ọ̀nà kan hàn mí tí ó tọ́ bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ọ̀nà àwọn tó wá wo ilẹ̀ nígbà kan ni. Àwọn yẹn gé igi, wọ́n gbé ẹ̀rọ kọjá, wọ́n lu ilẹ̀, wọ́n dí ihò, wọ́n sì lọ. Wọn kò wa ohunkóhun níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò bá wọn lọ," ni Bàbá wí. Alùpùpù ló ń gbà á báyìí. Àwọn agẹgi kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń dáko kòkó, lẹ́yìn wọn ni àwọn ọdẹ tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti wá, tí wọ́n ń fi iná tọ́ọ̀ṣì ńlá dẹ òru. Ibi tí ọdẹ ìgbà kan máa ń fi ọjọ́ kan gbáko rìn dé, wákàtí kan ni wọ́n ń fi dé e.

Mo bi wọ́n pé ṣé àwọn àlejò yìí nìkan ló pa ẹranko tán. Bàbá Àgbà kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Àwa náà la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi pa erin nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Wọ́n jó, wọ́n yọ̀, wọ́n gbé mi kiri ìlú. Nígbà náà, bí a bá sùn sóko, a máa ń gbọ́ ọ lóru. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Bí mo bá sun ìjálá rẹ̀ fún àwọn ọmọ yìí, wọ́n á bi mí pé irú ẹranko wo nìyẹn." Mi ò lè sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ṣe sí mi lára. Láti ìgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní ọdún 1966 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti ń fi oríkì ẹranko ṣe ẹ̀kọ́ nínú kíláàsì. A mọ bí a ti ń to àfiwé rẹ̀, a mọ ibi tí àwítúnwí wà. Ẹranko náà fúnra rẹ̀ ni a kò mọ̀.

Nígbà tí mo padà sí ilé-ìwé, mo wá ìwé kà lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i pé ohun tí Bàbá Àgbà sọ kì í ṣe àròsọ. Ní orílẹ̀-èdè Gabon, nígbà tí àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ń fi àdó olóró mi ilẹ̀ láti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀, Peter Wrege àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mọ́ igi inú igbó láti máa gbọ́ ohùn erin. Ní ọdún 2010 ni wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Àwọn erin kò fi ibẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ òru di ọ̀sán. Bí ènìyàn ti ń pọ̀ sí i nínú igbó ní ojúmọmọ ni àwọn erin ń sún ìrìn wọn sí òru. Ẹni tó bá wá wò wọ́n ní ọ̀sán lè sọ pé kò sí erin níbẹ̀ mọ́, tàbí kí ó sọ pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n, kí méjèèjì má sì jẹ́ òtítọ́. Ìdí nìyẹn tí ìyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a fi ojú lásán ṣe kò fi lè tó.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹranko ńlá kì í yára bí. Oyún erin tó oṣù 22. Àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpa erin igbó ní Dzanga, ní Central African Republic, rí i pé ó máa ń tó nǹkan bí ọdún 23 kí abo rẹ̀ tó bí àkọ́bí. Ọjọ́ orí tèmi kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ìnàkí máa ń fi tó ọdún márùn-ún sí mẹ́fà sí àárín ọmọ kan àti èkejì. Nítorí náà, bí ọ̀nà àyẹ̀wò kan bá mú kí ẹranko méjì tàbí mẹ́ta kú nínú agbo tí kò ju mẹ́wàá lọ, ọmọ ọmọ wa lè má rí àtúnṣe rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021 ni àjọ IUCN, tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹranko tó wà nínú ewu lágbàáyé, kọ erin igbó sí ìpele tó súnmọ́ ìparun jù lọ fún ẹranko tó ṣì wà nínú igbó. Bẹ́ẹ̀ sì ni erin wà lára àwọn tí ń gbin igbó fún wa. Ó ń jẹ èso òro, ó sì ń gbé kóró rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọbẹ̀ àpọ̀n kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ erin kò kan òun.

Òfin ńkọ́? Òfin wà. Láti ọdún 1992 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ní kí a yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá lè ní lórí àyíká wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lára àwọn iṣẹ́ tí òfin náà kà sí dandan ni wíwa ohun àlùmọ́ọ́nì ní ibi tuntun tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ju hẹ́kítà 250 lọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ ohùn wo ọ̀rọ̀ yìí. Wíwá wà, wíwa wà, wíwà sì wà. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀. A ó wá kùsà kí a tó wa kùsà. Wíwà ẹranko sì wà láàárín méjèèjì. Wíwa ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, nítorí ihò ńlá ni wọ́n ń rò. Ṣùgbọ́n òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 gbà kí ìwé àṣẹ kan fún wíwá gba ilẹ̀ tó tó 200 kìlómítà níbùú lóròó. Bí a bá dúró di ìgbà wíwa kí a tó ka ẹranko, ọ̀nà ti wọ igbó, alùpùpù ti gba ọ̀nà, ohun tí a ó kà sì ti lọ. A ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò rí ẹranko kankan tó wà nínú ewu, òótọ́ ni a ó sì kọ.

N kò sọ pé kí a má wá ọ̀dà. Mo rí abúlé náà. Ọ̀nà wọn kò dára, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò níṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń fi ojú sọ́nà fún ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tó wà ní yunifásítì, tí ó ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọdọ̀ yára sọ pé kí ẹlòmíràn fi ebi dúró ti ọ̀bọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyẹ̀wò gbọdọ̀ ṣáájú ọ̀nà. Kí ó pẹ́ tó láti rí ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n so ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ohùn àti èyí tí ń ya àwòrán lóru mọ́ igi. Kí wọ́n dí ọ̀nà tí wọ́n bá là, nígbà tí wọ́n bá ń lọ, kí wọ́n sì gbin igi sí i. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ní èdè tí àwọn ọdẹ ń sọ, kí ẹni tó ń túmọ̀ sì jẹ́ ẹni tó mọ̀ pé ọ̀bọ kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, orúkọ sì ni a fi ń dá ohun mọ̀ láti dáàbò bò ó. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀kọ́ Yorùbá kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti onímọ̀ ẹranko. Mo ti rí i pé n kò mọ̀ tó. Lẹ́yìn ìpàdé náà, mo jókòó ti Bàbá Àgbà fún ọjọ́ mẹ́rin, mo kọ orúkọ gbogbo ẹranko tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ bí àwọn ará Ìkálẹ̀ ti ń pè é, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, ìrìn rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Àwọn olùyẹ̀wò gba ìwé náà, wọ́n sì tún ìròyìn wọn kọ. Èyí tí a kọ pé a kò rí ẹ̀rí ti di orúkọ mẹ́ta. N kò lè sọ pé orúkọ mẹ́ta yóò dá ẹ̀rọ dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa pa wọ́n rẹ́ báyìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà wọ́n.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù wa bi ọdẹ kan léèrè nílé: ẹranko wo lẹ ti rí rí tí ẹ kò rí mọ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́. Ẹ má fo ibi tí kò bá yé yín. Ẹ tún un bi wọ́n. Àwọn tó mọ orúkọ wọ̀nyí ń dàgbà lọ, àwọn ẹranko tó ni orúkọ náà sì ń dín kù. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó di pé òwe erin nìkan ni yóò ṣẹ́kù lẹ́nu wa, tí a ó máa sọ pé bí a bá rí erin kí a sọ pé a rí erin, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò tún rí i mọ́.